Ìwọ̀n, Ìwúwo àti Ipá: Lámèyítọ́ Èdè tí a fi ń Kọ́ni ní Ẹ̀kọ́ Òṣùwọ̀n Onísípíríǹgì ní Agbègbè Ìkàrẹ́ Àkókó

Ìfáàrà

Ohun-èlò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kò pọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n onísípíríǹgì kò ṣòro láti rí. Ìkọ́ kan wà lókè rẹ̀, òmíràn wà nísàlẹ̀, irin kíká wà láàárín, abẹ́rẹ́ kan sì ń tọ́ka sí nọ́ńbà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ohun-èlò kékeré yìí a máa tú àṣírí èdè tí a fi ń kọ́ni. Bí a bá bi kíláàsì kan pé kí ni òṣùwọ̀n yìí ń wọ̀n, ọmọ kan lè dáhùn pé ìwọ̀n ni, òmíràn lè ní ìwúwo ni, ẹlòmíràn sì lè ní agbára ni. Olùkọ́ tí kò bá ti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa yóò gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jọ òtítọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni àyẹ̀wò yìí dá lé lórí. Kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ó ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì gbè sẹ́yìn àwọn tí ó rò pé a ti parí iṣẹ́ nígbà tí a bá ti rí ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kan fi dípò ọ̀rọ̀-orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni Yorùbá kó èyí tí ó pọ̀ jù pamọ́ sí nínú ohun tí ó mọ̀ nípa fífà, títẹ̀ àti wíwúwo. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè lásán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí Ìlànà Èdè Orílẹ̀-èdè tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, lẹ́yìn ìpàdé Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ tí ó wáyé ní Àkúrẹ́, olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí Ìkàrẹ́ wà yìí gan-an. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní, ni kí a máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Lára ìdí tí mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ ni pé àwọn agbègbè tí èdè abínibí ti jẹ́ èdè ìkọ́ni ni ìfìdírẹmi ti pọ̀ nínú ìdánwò àṣekágbá. Òṣùwọ̀n onísípíríǹgì jẹ́ ibi kan tí a ti lè dán irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ wò, kí a sì rí i bóyá èdè ni ó jẹ̀bi lóòótọ́.

Ohun tí abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí

Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé òfin tí ó de sípíríǹgì jáde nínú ìwé ní ọdún 1678. Òfin náà kò le rárá bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá: bí a bá ṣe fà á tó ni yóò ṣe nà tó. Bí a bá fà á ní ìlọ́po méjì, yóò nà ní ìlọ́po méjì. Kí a kíyè sí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe méjì péré ni ó gbé gbogbo òfin yìí ró. ‘Fà’ ni ohun tí a ṣe sí sípíríǹgì, ‘nà’ sì ni ohun tí ojú rí lára rẹ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ tí ó bá ti ta kànnàkànnà rí ti mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kí ó tó mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́. Òfin náà ní ààlà pẹ̀lú. Bí a bá fa sípíríǹgì kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, yóò dẹ̀, kò sì ní padà sí ipò rẹ̀ mọ́. ‘Dẹ̀’ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti wá lọ sínú ìwé atúmọ̀-èdè.

Ní nǹkan bí ọdún 1770 ni Richard Salter bẹ̀rẹ̀ sí ṣe òṣùwọ̀n tí ó dúró lórí òfin yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n àgbékọ́ tí a fi ń wọn ọmọ ọwọ́ ní ilé-ìwòsàn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú wọn lè gbé kílò 25, ìlà kékeré kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ sì dúró fún gíráàmù 100. Kò sí ìyá ọlọ́mọ tí ó ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kò mọ irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó wà níbẹ̀ dára ju èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé lọ. A ó fi ọmọ sínú ṣòkòtò aláṣọ, a ó gbé e kọ́ ìkọ́. Ọmọ yóò bú sẹ́kún, yóò máa ta ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí jó: yóò lọ sí 8, yóò já wá sí 6, yóò tún fò lọ sí 9. Nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ ìkankan nínú wọn sílẹ̀. Yóò ní kí màmá rẹ ọmọ náà lẹ́kún ná, yóò dúró títí ara ọmọ yóò fi rọlẹ̀, kí ó tó ka 7.2, kí ó sì kọ ọ́ sínú káàdì. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: ṣé ọmọ náà sanra, tí ó tún rù, tí ó tún sanra láàárín ìṣẹ́jú kan ni? Ọmọ kò pọ̀ sí i, kò sì dín kù. Fífà tí ó ń fa sípíríǹgì ni ó ń pọ̀ tí ó sì ń dín. Fífà nìkan ni sípíríǹgì mọ̀. Nígbà tí ọmọ bá dúró jẹ́ẹ́ ni fífà náà tó bá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba, ìdí nìyẹn tí a fi lè fi ọ̀kan mọ èkejì.

Kílò tí a kọ sí ojú òṣùwọ̀n náà, ìtumọ̀ ni. Ẹni tí ó ṣe é ti rí bí sípíríǹgì ṣe nà tó, ó ti ṣírò iye kílò tí ó lè fà á tó bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé, ó sì ti kọ èsì rẹ̀ síbẹ̀ kí oníbàárà má baà ṣe wàhálà. Gbogbo ìtumọ̀ ni ó ní ohun tí ó ń fi pamọ́. Ohun tí èyí fi pamọ́ ni ipá.

‘Agbára’ tàbí ‘ipá’

Ọ̀rọ̀ tí ó yá lẹ́nu olùkọ́ fún ohun tí Newton jẹ́ òdiwọ̀n fún ni ‘agbára’. Kò yani lẹ́nu. Òwe pàápàá wà lẹ́yìn irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le koko. Nínú òwe yìí, agbára ni ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí nǹkan, ìyẹn sì súnmọ́ ohun tí onímọ̀ físíìsì ń wí.

Ṣùgbọ́n ẹrù ti pọ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ náà. Agbára oòrùn wà, agbára iná mànàmáná wà, ọmọ aráyé sì ń du agbára ìjọba. Ohun mẹ́ta ni físíìsì yà sọ́tọ̀ tí ‘agbára’ gbé pọ̀: ohun tí ó ń fa nǹkan tàbí tí ó ń tì í, ohun tí ó wà nínú epo bẹntiróòlù tàbí nínú oúnjẹ tí ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ ṣeé ṣe, àti bí iṣẹ́ náà ṣe ń yá tó, èyí tí a fi wáàtì wọ̀n lára gílóòbù. Olùkọ́ tí ó bá pe àkọ́kọ́ ní agbára ní kíláàsì kẹrin, kí ni yóò pe èkejì ní kíláàsì karùn-ún, kí ni yóò sì pe ẹ̀kẹta ní kíláàsì kẹfà? Ọmọ tí a kọ́ báyìí yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú ìmọ̀ kan ṣoṣo níbi tí ó ti yẹ kí ó ní mẹ́ta. Nígbà tí ó bá kùnà níbẹ̀, wọn yóò ní Yorùbá ni ó ṣe é.

‘Ipá’ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ yìí ni ó kọ́kọ́ dábàá rẹ̀. Àwọn tí ń kọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá ti ń lò ó. Ohun tí a kì í sábàá sọ ni ìdí tí ó fi sàn, ìdí náà sì wà nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó máa ń bá a rìn. Agbára ni a ń ní, ipá ni a ń sà. A lè ní agbára kí a jókòó tì í, ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ẹnìkan sa ipá, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. ‘Fi ipá gbà’, ‘fi ipá wọlé’, ‘tipátipá’: nínú gbogbo wọn, ohun kan ń ṣe nǹkan sí ohun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Newton ṣe lò ó nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1687. Ipá kì í dá wà, àárín ohun méjì ni ó máa ń wà. Òtítọ́ ni pé a máa ń sọ pé ‘ipá mi kò ká a’, níbi tí ipá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú agbára, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tako àlàyé yìí lè di èyí mú. Kò pọ̀ tó láti ba ìyàtọ̀ náà jẹ́.

Àbùkù tí ó wà lára ‘ipá’ tóbi ju èyí lọ. ‘Ìwà ipá’ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti gbọ́ lórí rédíò kí wọ́n tó gbọ́ ọ ní kíláàsì. Ó ṣòro fún wọn láti gbà pé òkúta tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí tábìlì ń lo ipá kankan. Ọgbọ́n tí olùkọ́ lè dá sí i ni pé kí ó má ṣe dá ‘ipá’ pè. Kí ó máa sọ ohun tí ipá náà ń ṣe: òkúta ń fi ipá tẹ tábìlì, ọmọ ń fi ipá fa sípíríǹgì, akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ipá ti ilẹ̀kùn. Níbi tí ó bá ti gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí di orúkọ ni ìyọnu yóò ti bẹ̀rẹ̀. ‘Ìtì’ di ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ‘títì’ di ọ̀nà ọkọ̀, ‘ìfà’ sì ni ohun ọ̀fẹ́ tí ó bọ́ sọ́wọ́ olóríire. Èdè fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ fún atúmọ̀-èdè níhìn-ín.

Ìbéèrè olùtajà àti ìbéèrè alábàárù

Ìbéèrè méjì ni Yorùbá ń béèrè nípa ẹrù. Èkínní ni ‘báwo ni ó ti pọ̀ tó?’ Èkejì ni ‘báwo ni ó ti wúwo tó?’ Ní Ọjà Ọba ní Ìkàrẹ́, olùtajà ni èkínní kàn, nítorí pé ohun tí ó fẹ́ gba owó lé lórí ni. Alábàárù ni èkejì kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni yóò gbé e. Kò sí ẹni tí ó ń da ìbéèrè méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn lọ́jà. Kíláàsì ni wọ́n ti ń dà wọ́n pọ̀.

Físíìsì pẹ̀lú ya ìbéèrè méjì yìí sọ́tọ̀. Kílò ni ó ń dáhùn ‘báwo ni ó ti pọ̀ tó?’ Newton ni ó ń dáhùn ‘báwo ni ó ti wúwo tó?’ Bí a bá gbé àpò gàrí kan lọ sínú òṣùpá, gàrí inú rẹ̀ kò ní dín ní hóró kan, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́fà ìwúwo rẹ̀ níhìn-ín ni yóò ní lọ́hùn-ún. Alábàárù ibẹ̀ ìbá gba owó kékeré. Olùtajà kò ní dín kọ́bọ̀.

‘Pọ̀’ kò mọ́ gaara, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ èyí. Kóńgò gàrí kan àti kóńgò ẹ̀wà kan pọ̀ bákan náà lójú kóńgò, wọn kò sì pọ̀ bákan náà lójú kílò. Igba iṣu pọ̀ ju ọgọ́rùn-ún iṣu lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún náà lè jẹ́ iṣu ńláńlá. Nítorí náà bí olùkọ́ bá fẹ́ lo ‘ìpọ̀’, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ‘ìpọ̀ èròjà’, kí ó sì fi òṣùwọ̀n alápá méjì hàn, níbi tí a ti ń fi ohun kan wé ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ṣì sàn ju ‘ìwọ̀n’ lọ fún iṣẹ́ yìí. Ìwọ̀n kò sọ ohun kan ju pé a wọn nǹkan. Ìwọ̀n gíga wà, ìwọ̀n ooru wà, ìwọ̀n-tunwọ̀nsì sì wà nínú ìwà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ‘ìwọ̀n òkúta náà jẹ́ 5’ kò tíì sọ nǹkan kan.

Kí a tó dá Yorùbá lẹ́bi lórí èyí, ó yẹ kí a wo ilé àwọn tí wọ́n ní kí a máa lo èdè wọn. Ọlọ́jà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tí ó sọ pé ẹran òun wúwo tó kílò méjì ti da ìbéèrè alábàárù pọ̀ mọ́ ìdáhùn olùtajà bí ti wa gẹ́lẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní láti lọ kọ́ ìyàtọ̀ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ Àkókó tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yóò wá gba ìdàrúdàpọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ti físíìsì àti ti èdè.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú ‘wúwo’ tí àwọn ará òkè yóò mọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó bá ru ẹrù láti ìsàlẹ̀ gun òkè Ọ̀kà lè búra pé ẹrù náà ń wúwo sí i bí òun ti ń gòkè. Físíìsì sọ òdìkejì: bí a bá gòkè ní mítà 300, ìwúwo nǹkan yóò dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọ̀nà ẹgbàárùn-ún. Èyí kò tó ìdá mẹ́wàá gíráàmù kan lórí ohun tí ó jẹ́ kílò kan, kò sì sí òṣùwọ̀n onísípíríǹgì ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí yóò rí i. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún arẹrù náà pé irọ́ ni ó ń pa kò gbọ́ Yorùbá yé. ‘Wúwo’ ti àárẹ̀ wà, ‘wúwo’ ti òṣùwọ̀n sì wà. Ara ẹni tí ó rù ú ni èkínní ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó tó kí olùkọ́ béèrè pé, ‘Wúwo lára ta ni?’

Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ níwájú ẹni tí ń ra kòkó

Ní ìpínlẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù ní Nàìjíríà fún kòkó, ẹ̀kọ́ òṣùwọ̀n kì í parí sínú ìwé. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ra irè oko ká ní ọdún 1986, ọwọ́ àwọn oníṣòwò lóríṣiríṣi ni àgbẹ̀ ń ta kòkó sí, òṣùwọ̀n oníkálukú sì ni wọ́n ń lò. Òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n wà láti ọdún 1974. Ṣùgbọ́n òfin kì í bá àgbẹ̀ dúró nídìí òṣùwọ̀n, ọmọ rẹ̀ tí ó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni ó máa ń bá a dúró níbẹ̀.

Ohun tí ọmọ náà yẹ kí ó mọ̀ kò pọ̀. Kí wọ́n tó gbé àpò kọ́ ìkọ́, ibo ni abẹ́rẹ́ wà? Bí abẹ́rẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó fi kílò méjì rẹlẹ̀ sí òdo, kílò méjì ti lọ lórí àpò kọ̀ọ̀kan kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Lórí àpò mẹ́rìndínlógún tí a ń kà sí tọ́ọ̀nù kan, kílò 32 ni, ó sì tó nǹkan bí ìdajì àpò. Ṣé ọwọ́ kankan wà lábẹ́ àpò náà? Ọwọ́ tí ó bá gbé e sókè díẹ̀ ti dín fífà kù, kòkó kò sì dín. Ọmọ tí ó ti lóye pé fífà ni abẹ́rẹ́ ń kà yóò wo ọwọ́, yóò wo òdo. Èyí tí wọ́n kọ́ pé ‘òṣùwọ̀n ń sọ ìwọ̀n’ yóò wo nọ́ńbà nìkan. (Kí a má gbàgbé pé òṣùwọ̀n ti pa èènì run ní ìdí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ pẹ̀lú, kóńgò ni ó ṣì ń jẹ́ kí a béèrè fún un.)

Àpẹẹrẹ kan tún wà tí ó bá Ìkàrẹ́ mu tí a kì í rí nínú ìwé. Ilẹ̀ ayé kò fa nǹkan bákan náà níbi gbogbo. Ó ń fà á díẹ̀ sí i bí a bá ṣe ń súnmọ́ òpin àríwá tàbí gúúsù. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kílò kan ń fi ipá Newton 9.81 fa òṣùwọ̀n. Ní Ìkàrẹ́, nǹkan bí 9.78 ni. Bí a bá fi àmì sí ojú òṣùwọ̀n onísípíríǹgì ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí a gbé e wá sí Ìkàrẹ́ láìtún un ṣe, gíráàmù 1000 yóò ka nǹkan bí 997. Lórí àpò kòkó kílò 64, nǹkan bí gíráàmù 200 ni yóò fi dín. Àgbẹ̀ tí ń tà ni yóò pàdánù rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni hùwà èrú. Òṣùwọ̀n alápá méjì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ilẹ̀ ṣe fa kòkó náà ni ó ṣe fa irin tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ ìpọ̀ àti ìwúwo nìyí, láìjẹ́ pé a lọ sínú òṣùpá.

Orúkọ tí ó yẹ

‘Òṣùwọ̀n onísípíríǹgì’ sọ ohun tí ó wà nínú ohun-èlò náà, kò sọ ohun tí ó ń ṣe. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà tí ó lè ràn wá lọ́wọ́: ‘tẹ̀wọ̀n’. Ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ti rí i pé ohun tí ó wúwo a máa tẹ ohun tí ó bá gbé e, àti pé títẹ̀ náà ni a fi ń mọ bí ó ṣe wúwo tó. Ipá ni ó ń sọ, láìdárúkọ ipá. Lórí àpẹẹrẹ yìí ni a lè fi pe ti sípíríǹgì ní ‘ìfàwọ̀n’, ohun tí a fi fífà wọn nǹkan, kí a sì pe ti alápá méjì ní ‘ìféwọ̀n’, láti ara ‘fi wé’. Orúkọ kejì yìí kò dùn létí tó èkínní, ó sì lè jẹ́ pé àwọn mìíràn yóò rí èyí tí ó sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ ‘ìfàwọ̀n’ ti gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ náà nínú orúkọ.

Iṣẹ́ àwọn aṣáájú kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ètò Ifẹ̀ tí Babs Fáfúnwá darí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní Modákẹ́kẹ́, fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn àkójọ ọ̀rọ̀ tí NERDC gbé jáde, àti ìwé atúmọ̀-èdè Káyọ̀dé Fákínlèdé ti ọdún 2003, fi ohun-èlò púpọ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Ohun tí a lè tako nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìlànà wọn: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣíwájú, tiwa ń tẹ̀ lé e bí ọmọ-ọ̀dọ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ sì ni ó kún inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá há wọn sórí yóò mọ orúkọ ohun tí kò tíì rí.

Ní Àkókó, ewu náà pọ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo ọmọ agbègbè yìí ni Yorùbá àjùmọ̀lò jẹ́ èdè abínibí fún. Àwọn tí ń sọ Arigidi wà, àwọn tí ń sọ Akpes àti Ukaan sì wà. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ‘ìpọ̀ èròjà’ lè jẹ́ àjèjì bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí kò ní jẹ́ àjèjì sí i ni kí olùkọ́ fa nǹkan lójú rẹ̀, kí ó sì ní kí ó sọ ohun tí ó rí ní èdè ilé rẹ̀ ná.

Omi inú ọ̀rá

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni tí kò bá ìfàwọ̀n kankan ní ilé-ẹ̀kọ́ lè fi píọ̀ wọ́tà, omi inú ọ̀rá, ṣe iṣẹ́ yìí. Sẹ̀ǹtílítà 50 ni a máa ń kọ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Omi tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 500, ọ̀rá méjì sì jẹ́ kílò kan. Kí ó wá sípíríǹgì láti inú tìmùtìmù àga tí ó ti bàjẹ́, kí ó gbé e kọ́ ara ògiri pẹ̀lú ìṣó, kí ó lẹ bébà funfun mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó gbé ọ̀rá kan kọ́ ọ, kí ó fa ìlà. Kí ó fi èkejì kún un, kí ó fa ìlà. Bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́rin. Bí àlàfo àárín àwọn ìlà náà bá dọ́gba, Hooke ti dé Àkókó nìyẹn. Bí sípíríǹgì náà bá le jù tí kò nà, kí ó wá èyí tí ó rọ̀. Kí ó má ṣe fi rọ́bà kànnàkànnà dípò rẹ̀ fún ìlà kíkọ, nítorí pé rọ́bà kì í nà dọ́gba. Ṣùgbọ́n ó dára láti fi hàn wọ́n pé kò dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi ọwọ́ gbé àwọn ọ̀rá náà sókè díẹ̀, kí àwọn ọmọ rí i bí ìtọ́ka ṣe ń gòkè nígbà tí omi kò dín.

Ìgbà náà ni ó tó lè ní kí wọ́n kọ gbólóhùn méjì nípa ọ̀rá mẹ́rin náà. Èyí tí ó ń retí ni pé omi náà pọ̀ tó kílò méjì, ó sì ń fi ipá tí ó tó nǹkan bí Newton 19.6 fa sípíríǹgì. Ọmọ kan yóò kọ ọ́ pé omi náà wúwo tó kílò méjì. Ó ṣòro láti sọ iye máàkì tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó gbà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́. Olùkọ́ tí ó bá fún un ní òdo kò tíì wo ojú ìfàwọ̀n tí wọ́n ń tà fún ilé-ẹ̀kọ́ dáadáa, níbi tí wọ́n ti kọ gíráàmù sí apá ọ̀tún, tí wọ́n kọ Newton sí apá òsì, tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sì ń tọ́ka sí méjèèjì.